Ilẹ̀kùn Kejì Ilé Búrẹ́dì

Wọ́n ní ìgbọràn sàn ju ẹbọ lọ. Ìgbọràn ló ba ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láyé jẹ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Yàrá kan ló fi ń ṣiṣẹ́: ààrò onírin lápá ọ̀tún, tábìlì ìyẹ̀fun láàárín, ilẹ̀kùn kan tó dojú kọ títì. Nígbà tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ òwò tọdún, àwọn panápaná wá yẹ ibẹ̀ wò. Wọ́n ní bí iná bá sọ lẹ́nu ọ̀nà, ibo làwọn òṣìṣẹ́ máa gbà jáde? Kó ya ilẹ̀kùn kejì sẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé. Ọ̀rọ̀ wọn bọ́gbọ́n mu, èmi náà gbà. Kíá ni ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, lu ògiri, ó sì fi ilẹ̀kùn tó dáa sí i. Wọ́n fún un ní ìwé, inú rẹ̀ sì dùn.

Inú dídùn yẹn ò tíì tán tí àwọn ará ọ́fíìsì ilé kíkọ́ fi dé.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ lu ògiri?"

"Ìjọba ni, ọ̀gá."

"Ìjọba wo? Àwa nìjọba."

Wọ́n ti ilé búrẹ́dì pa. Wọ́n ní kó dí ògiri padà, kó tọrọ àṣẹ, kó sì dúró dè é. Ọkọ rẹ̀ dí i. Panápaná tún dé: ilẹ̀kùn dà? Wọ́n gba ìwé òwò lọ́wọ́ rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Mo bá a lọ sí ọ́fíìsì méjèèjì. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n wà! Mo bẹ ọ̀gá kan pé kó jọ̀ọ́ rìn dé yàrá kejì, kó bá wọn sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀ka tiwa," ló wí, ó sì ń bá búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Ó ṣe mí bíi kí n já a gbà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn oníbàárà ò lè fi ebi dúró de àṣẹ. Nígbà tí àṣẹ dé, ẹ̀gbọ́n mi ti ta ààrò fún ilé búrẹ́dì ńlá tó wà lẹ́yìn ọgbà ìjọba, níbi tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn ti ń ra oúnjẹ àárọ̀. Ibẹ̀ náà ló ti ń po ìyẹ̀fun fún olówó báyìí, nídìí ààrò tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo lọ kí i níbẹ̀. Mo wo ògiri yíká: ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀kùn kejì ńkọ́?"

Ó yára wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Má pariwo," ló wí. "Àbí o fẹ́ kí wọ́n wá ti ibí náà pa ni?"