Ọ̀wẹ̀ Tí Mo Dá Ṣe

Nínú gbogbo àwọn tá a jọ dàgbà ní Dassa, kò sẹ́ni tó lágbára tó mi. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Bó ṣe rí ni mò ń sọ, kí n lè yára bọ́ sínú ọ̀rọ̀.

Ilé kan wà nísàlẹ̀ ìlú tí wọ́n ti ń gbé irin, sáàlì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi dígí bo ògiri ẹ̀. Ẹni tó bá gbé irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta á wo ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mi ò ráyè ìyẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an, àárín ọdún ni mo fi í sílẹ̀ torí ó ń falẹ̀.

Orí fóònù ni mo ti rí tèmi. Òyìnbó kan mú irin róbótó kan dání, ó dà bíi bútà táwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, àmọ́ kò ní ẹnu, irin ni látòkè délẹ̀. Ó ń fì í gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kọjá, ó ń jù ú sókè dé iwájú orí. Kẹ́tùbẹ́ẹ̀lì lorúkọ ẹ̀. Mo béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní Kútọnu. Wọ́n sọ fún mi. Mo lọ wá agolo ọ̀dà.

Mo tọrọ ọ̀pá irin kékeré kan lọ́wọ́ àwọn tó ń mọlé lọ́nà Glazoué, mo tẹ̀ ẹ́ kó rí bí ọwọ́ agbọ̀n, mo rì í sínú agolo, mo da sìmẹ́ǹtì àti òkúta wẹ́wẹ́ lé e. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó gbẹ. Ọjọ́ kejì ni mo fà á. Ọwọ́ irin náà nìkan ló tẹ̀ lé mi. Mo tún òmíì ṣe, ìyẹn sì gbẹ. Mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kaṣú: kílò méjìdínlọ́gbọ̀n.

Orí òkè lẹ́yìn ilé wa ni sáàlì mi. Àpáta kan tẹ́jú níbẹ̀ bíi pẹpẹ, ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń sá iṣu tó bá rẹ́ kó lè gbẹ. Ó ní mo lè ṣe wèrè mi níbẹ̀, àmọ́ òógùn mi ò gbọdọ̀ kán sórí iṣu òun. Torí náà, apá òsì àpáta ni tèmi. Mo máa ń fi irin ogún ìgbà, màá gbé e sókè orí lọ́wọ́ ọ̀tún mẹ́wàá, lọ́wọ́ òsì mẹ́wàá, màá wá gbé e gun òkè dókè, màá tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ṣe é, èmi nìkan.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ò ṣe irú ẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù ni wọ́n máa ń jókòó sí. Bí mo bá ti gbé agolo mi kọjá, mẹkáníìkì á pariwo:

"Ọ̀gá ọlọ́dà! Ilé ta lò ń lọ kùn lónìí?"

"Kí ẹ kọ́kọ́ gbé ikùn yín ná," lèmi náà máa ń wí.

Bó bá di Sátidé, wọ́n á kó ara wọn jọ lọ sóko ẹnì kan nínú wọn, ọ̀sẹ̀ yìí tèyí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tẹnìkejì. Wọ́n máa ń pè mí. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n kọ ebè mẹ́wàá, wọ́n jókòó, wọ́n mu ọtí sódábì, wọ́n sọ̀tàn ìyá ẹnì kan tó lé ewúrẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún kọ ebè márùn-ún. Orí fẹ́ fọ́ mi. Mi ò padà lọ mọ́.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ Akofodjoulè ni, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán níbí. Nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, bàbá ẹ̀ ránṣẹ́ pé bó bá dá mi lójú, kí n wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ èèyàn á lọ kọ ebè iṣu sóko bàbá ọmọ. Ọkùnrin kan láti Kèrè náà ń fẹ́ ẹ, ó sì ti lọ ṣe tiẹ̀. Bàbá fẹ́ wo tèmi kó tó dáhùn.

"Èèyàn mẹ́rìnlá lẹni Kèrè kó wá," lọmọbìnrin náà sọ fún mi.

"Mẹ́rìnlá? Ṣé kò lágbára ni?"

"Ìwọ náà, kó èèyàn dání."

"Èmi nìkan tó."

Ó wò mí bó ṣe máa ń wo aṣọ tí oníbàárà bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ gé kó tó gbé e wá.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí mo dé oko bàbá ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá wo ẹ̀yìn mi, ó wo ojú ọ̀nà.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni, Bàbá."

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn?"

"Rárá, Bàbá. Mo tó o."

"Ó dáa," ló wí, ó tún wo ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá ọmọ ti gbé ìkòkò ńlá mẹ́ta kaná. Mo rò pé wọ́n ti gbọ́ bí mo ṣe ń jẹun.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, irin sìmẹ́ǹtì yẹn ṣiṣẹ́. Ìdí mi lágbára, ẹ̀yìn mi ò dùn mí, bí mo ṣe ń fi irin náà ni mò ń fi ọkọ́. Mi ò jókòó, mi ò mutí, mi ò sọ̀tàn. Àwọn tó ń lọ sóko wọn ń kí mi láti ojú ọ̀nà. Ọ̀kan bi mí bóyá èmi ni alágbàṣe tuntun tí Bàbá gbà. Mo ní àna ẹ̀ ni mí. Ó wo gbogbo oko yíká, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o."

Nígbà tí oòrùn yí, mo ti kọ ebè ọgọ́jọ. Gbogbo ẹ̀ ga dé ìbàdí, gbogbo ẹ̀ sì tọ́ bí okùn. Wọ́n gbé iyán síwájú mi. Àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù méjèèjìlá ì bá jẹ ẹ́ kó ṣẹ́ kù. Mo jẹ ohun tí mo lè jẹ, wọ́n pín ìyókù káàkiri abúlé.

Bàbá wá wo ebè. Ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú àwo lórí. Bàbá fẹsẹ̀ tẹ ebè kan, kò wó.

"Mi ò rí irú ebè yìí rí lóko mi," ló wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Ta ló bá ẹ wá?"

"Mo ti sọ pé èmi nìkan ni, Bàbá."

"Mo gbọ́. Bí ìyá ìyàwó ẹ bá kú lọ́la, pẹ̀lú bí ilẹ̀ wa yìí ṣe le, ta ló máa bá ẹ gbẹ́ ibojì?"

Mo ronú sí i. Mo ní, "Mo lè dá a gbẹ́, Bàbá. Kó tó dọ̀sán mo ti gbẹ́ ẹ tán."

Ìyá sọ àwo kalẹ̀, ó wò mí.

Bàbá ò bínú. Ó ní ebè ẹni Kèrè wọ́, àmọ́ iṣu ń hù lára ebè tó wọ́. Ó ní kì í ṣe ebè ni wọ́n fi ọ̀wẹ̀ wò, èèyàn ni. Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, òun ò lè gbé ọmọ òun fún un kí ọmọ náà wá di gbogbo ẹbí ẹ̀. "Padà wá ní Sátidé," ló wí. "Bó o bá tún máa dá wá, má wulẹ̀ wá."

Ọjọ́ kejì, mo lọ sábẹ́ àtíbàbà. Mi ò gbé agolo dání.

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ sóko àna mi," ni mo wí.

Wọ́n wá agolo lọ́wọ́ mi, wọn ò rí i.

"Ṣé ó ti rẹ alágbára ni?" Mẹkáníìkì ló sọ̀rọ̀.

"Kò rẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n kó èèyàn wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé mẹkáníìkì da epo ẹ́ńjìnnì sórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Nígbà tó nu ẹsẹ̀ tán, ó ní, "A máa bá ẹ lọ. Àmọ́ o ò ní fọwọ́ kan ọkọ́ o. Bó o bá fọwọ́ kan ọkọ́, wàá sáré ṣíwájú wa, wàá wá dúró máa wò wá bí ẹni wo ewúrẹ́. Omi ni wàá máa pọn."

Àwọn obìnrin ló máa ń pọnmi níbi ọ̀wẹ̀. Mo gbà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbé rí, gbígbà yẹn ló wúwo jù.

Àwọn mọ́kànlá ló tẹ̀ lé mi ní Sátidé. Wọ́n kọ ebè mẹ́wàá, wọ́n jókòó. Ewúrẹ́ tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ń ti ìdí pọ́ńpù gun òkè bọ̀, bídọ́ọ̀nù omi kílò márùndínlọ́gbọ̀n lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó wò mí. Ebè wọn wọ́ bí ejò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n fọwọ́ tún ọ̀kan ṣe.

"Omi!" mẹkáníìkì pariwo.

Bàbá ò wo ebè rárá. Ó jókòó sáàárín wọn, ó ń mu sódábì pẹ̀lú wọn. Bí mo ṣe dé ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú omi, mo gbọ́ tó ń bi mẹkáníìkì pé irú èèyàn wo ni mí gan-an.

"Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ń fọ́nnu. Kò ní sùúrù. Kò lè jókòó kí èèyàn parí ìtàn. Àmọ́ bí alùpùpù bá já sí kòtò lójú òkè, òun nìkan la máa ń sáré pè, ó sì máa ń wá."

Mi ò mọ̀ pé wọ́n kà á sí. Mo gbé bídọ́ọ̀nù dúró.

Bàbá wá mi orí pé ó dáa. Ó ní, "Ẹ sọ fún bàbá ẹ̀ kó kó àwọn àgbà wá kí wa nítorí ọmọ."

"A ti gbọ́, Bàbá," gbogbo wọn wí.

Kò bá mi sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ wọn ló fi ọ̀rọ̀ náà sí. Mẹkáníìkì yíjú sí mi, ó na igbá sí mi, ó ní kí n bu omi wá, àwọn fẹ́ fọ ọwọ́ jẹ iyán. Mo bu ú. Lẹ́yìn náà ó sún, ó fún mi láyè, mo jókòó.