Àpò Omi Inú Orí Burul

Ní òkè Naryn, níbi tí àwọn darandaran ń gbé inú àgọ́, ọkùnrin ló ń dú àgùntàn, fífọ inú ẹran ni tobìnrin. Kò sì sí ẹni tó mọ inú ẹran í fọ̀ bíi Zuurakan. Bó bá rí fùkù tí àpò omi lé sí lára, kì í jẹ́ kó kan ìkòkò. Ajá ló ń jù ú sí, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ìmọ́tótó ló pè é.

Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Burul, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n ní oòrùn ni. Nọ́ọ̀sì abúlé fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí. Oṣù mẹ́ta kọjá, ọmọ ń forí gbá òpó àgọ́, kò ríran dáadáa mọ́. Zuurakan àti Nurzat, ìyá ọmọ náà, wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Bishkek, olú ìlú wọn.

Dókítà Sabira fi àwòrán orí ọmọ náà hàn wọ́n: àpò omi tó tóbi tó ọsàn ló ń ti ọpọlọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ kò gbọdọ̀ bẹ́ sínú orí. Bó bá bẹ́, ó lè pa ọmọ. Ó ní òun máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, òun á rọra tú omi sábẹ́ àpò náà kó lè léfòó jáde lódidi.

Nurzat béèrè pé, "Ojú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀mí ẹ̀ là ná."

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, dókítà gbé àpò omi náà wá nínú abọ́, lódidi. Kíá ni Zuurakan dá a mọ̀: irú èyí tó máa ń lé sára fùkù ni. Dókítà ní ajá tó bá jẹ irú ẹ̀ ń yàgbẹ́ tí ẹyin aràn wà nínú rẹ̀, ẹyin náà ń lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, ọmọ tó bá fọwọ́ pa ajá lára tó sì fọwọ́ náà jẹun ti gbé e mì, ó sì lè di àpò omi nínú orí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Burul jí, ẹ̀mí rẹ̀ ò bọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹwàá, dókítà sọ fún wọn pé ojú rẹ̀ ti lọ, kò ní padà mọ́.

Zuurakan fa Nurzat sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Èmi ni mo fọ́ ọmọ ẹ lójú. Ọwọ́ mi ló ń ju fùkù yẹn fájá."

Nurzat sunkún títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wojú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, inú ń bí mi sí yín, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ má sọ fún un. Tó bá ti jí, ọwọ́ yín nìkan ló ń wá."

Wọ́n wọlé padà. Burul ti ń fọwọ́ táràrà lórí bẹ́ẹ̀dì. Zuurakan na ọwọ́ náà sí i.