Ọwọ́ Tí Kò Fún Orí Ọmọ

Òórùn àdín ló mú ọkàn mi padà sí Ọ̀kà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ-ọmọ mi. Ìyàwó mi ti fi àdín pa orí ọmọ náà láti ilé wa ní Ìkàrẹ́, kí awọ orí rẹ̀ má baà gbẹ. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti fẹ́ dín orí ọmọ yìí kí dókítà tó rí i o!" Ó bu omi àti ọṣẹ, ó ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ọmọ náà kò tí ì pé ọdún méjì. Kókó kan ló hù sínú ọpọlọ rẹ̀ níhà ìpàkọ́, òun ni kò jẹ́ kó lè dá dúró mọ́.

Ní agbo ilé wa lábẹ́ òkè ní Ọ̀kà, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àdín ni òwúrọ̀ máa ń rùn. Ìyá mi ni àwọn ìyàwó ilé máa ń pè láti wẹ ọmọ tuntun. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀, yóò tẹ́ ọmọ sórí itan. Àwa tí a ń múra ilé ìwé yóò dúró wo àwújẹ̀ ọmọ náà, tó ń mí bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá mi á ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ tí a fi ń di ọkọ́ mú kọ́ la fi ń gbé ẹyin."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Káyọ̀dé àbúrò mi ń lé ewúrẹ́ lórí àpáta tí wọ́n ń sá èlùbọ́ sí, ló bá ṣubú. Iwájú orí rẹ̀ là. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wá láti rán an. Àbúrò bàbá mi, tó ń la gẹdú, fi ọwọ́ méjèèjì há orí ọmọ náà. Bó ṣe ń há a tó ni Káyọ̀dé ń jà tó, abẹ́rẹ́ kò ríbi bà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀!" ni ìyá mi kígbe. "Orí ọmọ ni, kì í ṣe ìtí igi."

"Ìyàwó wa, bí mo bá tú u sílẹ̀, ṣé ìwọ lo máa dì í mú?"

 Ìyá mi tú ìborùn rẹ̀, ó ká a bí òṣùká, ó gbé orí Káyọ̀dé lé e. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ ti orí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí méjèèjì, ṣùgbọ́n kò fún un. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní èdè Ọ̀kà wa, kì í ṣe Yorùbá ilé ìwé. Ọmọ náà dákẹ́, orí rẹ̀ kò mì mọ́, nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Èmi kò lè wò ó. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo di etí mi.

Ọ̀rọ̀ dídi orí mú yìí gan-an ló fẹ́ ba iṣẹ́ abẹ ọmọ-ọmọ mi jẹ́. Ọmọ mi, bàbá ọmọ náà, ti rí i lórí fóònù pé irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń de agbárí.

"Dókítà, ẹ ò ní kan irin mọ́ orí ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ sílé."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Gbogbo wa mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé e lọ sílé, kókó náà yóò máa dàgbà.

Dókítà náà, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, kò bínú. Ó wọlé, ó gbé tìmùtìmù kan jáde, tó rí roboto bí òṣùká, tí apá kan rẹ̀ là.

"Àgbàlagbà la ń fi irin yẹn dè," ni ó wí. "Agbárí ọmọ yín ṣì fẹ́lẹ́, ó lè lu. Orí èyí la máa dojú rẹ̀ dé, lẹ́yìn tí oorun bá ti gbé e lọ pátápátá. A ó rọra fi tépù dè é. Nǹkan kan ò ní tẹ ẹyinjú rẹ̀. Ẹnì kan á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ṣáá, kí orí má yẹ̀, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má dégbò."

Mo fọwọ́ tẹ tìmùtìmù náà. Ó rọ̀, síbẹ̀ ọwọ́ mi kò rì wọlé.

"Bàámi, kí lẹ rí sí i?" ni ọmọ mi bi mí.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n màmá mi ìbá gbé ọmọ fún obìnrin yìí."

 Ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ń retí. Ọmọkùnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, tó di etí lẹ́yìn ilé ní Ọ̀kà, rò pé ẹ̀rù kì í ba ìyá òun, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Lẹ́yìn yunifásítì, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù bà á. Kò kàn jẹ́ kó dé ọwọ́ ni. Ọwọ́ tèmi ń gbọ̀n, mo fi wọ́n sábẹ́ itan. Ṣùgbọ́n mi ò sá lọ síbì kankan.

Nígbà tó yá, dókítà jáde, ó ní kókó náà ti kúrò. A wọlé. Ojú ọmọ náà wú díẹ̀. Dókítà ní wíwú náà yóò lọ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó la ojú, ó sì rọra yí orí, fúnra rẹ̀, síbi tí ohùn náà ti wá.