Bí A Ṣe Bá Àwọn Ará Jàpáàn Parí Iṣẹ́ Wọn

Nígbà tí ọmọbìnrin mi wá sílé ní Kérésìmesì, ó mú ọ̀bẹ ìdáná kan bọ̀ láti Èkó, ó ní àwọn ará Jàpáàn ló rọ ọ́. Irin rẹ̀ ń dán bíi dígí, ṣùgbọ́n èèkù rẹ̀ tín-ín-rín bíi gègé tí mo fi kọ ìdánwò ní yunifásítì láyé àtijọ́. Mo dúpẹ́. Bó ṣe padà sí Èkó ni mo ní èmi yóò tún un ṣe. Kí ni tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tún fẹ́ máa ṣe ní Òmù-Àrán?

Mo wo fídíò lórí fóònù. Àwọn òyìnbó tó ń pààrọ̀ èèkù ọ̀bẹ níbẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ bíi dókítà, ẹ̀rọ sì kún yàrá wọn. Èmi ní ayùn kan, mo sì ní alágbẹ̀dẹ ládùúgbò. Igi nìkan ló kù, mo sì mọ èyí tí mo fẹ́: ọmọ odó ìyá àwọn ọmọ mi, tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Agbedeméjì rẹ̀, níbi tó ti máa ń dì í mú, ti wọnú díẹ̀, ó sì ń dán. Ibẹ̀ gan-an ni mo gé yọ fún èèkù. Orí àti ìdí ọmọ odó tó kù di kùmọ̀ kúkúrú méjì, mo dá wọn padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí èyí tí mo gé bá là, kò sí òmíràn láyé.

Alágbẹ̀dẹ yí ọ̀bẹ síwá sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pọ́n! Wọn ò parí iṣẹ́!"

Mo wò ó. Òótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ kejì tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Bóyá ilẹ̀ ti ṣú bá wọn," ni mo wí.

"Ẹ jẹ́ ká bá wọn parí ẹ̀."

Àánú wọn ṣe wá gan-an. Èmi tí mo kàwé gboyè ni mo ń da omi sórí òkúta bó ti ń pọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ó yọ èèkù tín-ín-rín náà kúrò, ó ti ìdí irin bọná. Lọ́dọ̀ wa, ìdí irin á pọ́n yòò, wọ́n á gún un wọnú igi, á sì jó ọ̀nà fún ara rẹ̀.

"Igi yìí ti gbó o, Tíṣà. Bó bá là ńkọ́?"

Mo ní kó gún un. Mo ní èmi fẹ́ lọ wo òjò níta. Ọyẹ́ ni nígbà náà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pè mí. "Tíṣà, ẹ wọlé. Kò là. Òjò yín ti dá."

Ní ọdún Àjíǹde, ọmọ mi fi ọ̀bẹ náà bẹ iṣu.

"Dádì! Kí lẹ ṣe fún ọ̀bẹ yìí? Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń pọ́n! Ẹ ti sọ ọ́ di ọ̀bẹ yẹpẹrẹ ọjà Ṣàrẹ́!"

"A bá wọn parí ẹ̀ ni."

Ó pòṣé. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ bọ́ síbi tó wọnú lára èèkù. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rí kùmọ̀ méjì.

"Dádì, ṣé ti Mọ́mì nìyí?"

Mo ń wá iyọ̀ tó wà níwájú mi. Ó bẹ iṣu náà tán.

Lọ́jọ́ kejì tó padà sí Èkó, mo wá ọ̀bẹ tì. Mo pè é.

"Ọ̀bẹ tí mo bà jẹ́ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Kùmọ̀ méjì ṣì wà lọ́dọ̀ yín, Dádì."