Ilé Àlájì Wàhábì tí Dọlápọ̀ Fi Eérú Yà

Lọ́dún tó kọjá, ibà ọjọ́ mẹ́rin pa ọmọ mi, Akínlẹ́yẹ. Àwòrán ilé ló ń yà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, nínú yàrá kan ní Fọlá Àgòrò. Dọlápọ̀, ìyàwó rẹ̀, ń bá a yà á. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Ṣómólú ni. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, orí ìpìlẹ̀ ilé ló ti ń ṣeré láti kékeré. Ó ti kọ́ iṣẹ́ yìí kí òun àti ọmọ mi tó fẹ́ra, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ ló wà lára pátákó, àwọn oníbàárà sì rò pé ẹni tó ń gbé tíì wá ni.

Iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì nígbà tí Akínlẹ́yẹ kú ni ilé Àlájì Wàhábì. Àlájì fẹ́ kọ́ ilé ńlá kan sí abúlé wọn lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, irú èyí tí àwọn ọba òyìnbó ayé àtijọ́ ń gbé: òpó funfun mẹ́jọ níwájú, àtẹ̀gùn méjì tó tẹ̀ bí ìwo màlúù, omi ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé, yàrá sinimá, àti ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè. Akínlẹ́yẹ ya gbogbo rẹ̀. Ó fi yàrá ìyá Àlájì sí ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí orúnkún ìyá náà.

Nígbà tí a sìnkú tán, Àlájì wá kí wa. Ó kí wa dáadáa, ó jókòó, ó ní àtúnṣe kan wà.

"Yàrá sinimá kéré. Ẹ yọ yàrá Ìyá kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi kún un. Ìyá á máa gbé òkè. Ẹ̀rọ á máa gbé wọn."

Dọlápọ̀ ní, "Sà, kò ní rọrùn fún wọn."

"Màdáàmù, mo mọ̀ pé inú ọ̀fọ̀ lẹ wà. Bí iṣẹ́ yìí bá wúwo jù, ẹnì kan wà ní Obáníkòró tó ti ṣetán. Ẹ kàn kó ìwé náà fún mi."

Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó lọ.

Mo rò pé Dọlápọ̀ á sunkún. Kò sun ún. Ó ní, "Màmá, bí mo bá yà á bó ṣe wí, iṣẹ́ á dúró sọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìyá yẹn ò ní lè gbé inú ẹ̀. Bí mi ò bá yà á, iṣẹ́ ti lọ."

Mo ní kó yà á. N kò ní purọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ó mi orí. Ó ní Àlájì ò tíì rí ilé yẹn rí, ìwé ló ń wò. Ó wá bi mí pé, "Eérú yín tó àpò mélòó?"

Ẹja ni mo ń yan létí ọ̀sà ní Bàrígà, èmi àti àwọn ará ilé wa láti etí òkun Ìlàjẹ. Eérú kì í wọ́n wa. Àpò mọ́kànlá la fi kẹ̀kẹ́ márúwá kó dé pápá ilé ìwé kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ká ṣáà gbá a mọ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Láti ìdájí Sátidé ni Dọlápọ̀ ti ń kan èèkàn, tó ń na okùn, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo ń da eérú tẹ̀lé ojú okùn náà. Bí Àlájì ṣe fẹ́ ilé náà gẹ́lẹ́, ní títóbi rẹ̀ gan-an, la ṣe tò ó. A sì tẹ́ òkè ilé sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi mú, ilé náà ti gba pápá tán.

Àlájì mú ìyá rẹ̀ wá, bí Dọlápọ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n wá wo ilé náà. Rọ̀kíbátù ni ìyá náà ń jẹ́, arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń fi ọ̀pá rìn. Inú Àlájì dùn, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn bí ọmọdé.

"Wàhábì, èwo ni tèmi?"

"Òkè, Ìyá. Ẹ̀rọ á máa gbé yín."

"Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ wà."

"Tí epo ẹ̀ bá tán ńkọ́? Kí n máa rọ̀ síbẹ̀ bí àdán?"

Mo rẹ́rìn-ín. Dọlápọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìyá lọ́wọ́ lọ sínú yàrá òkè. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni pé àlejò yín wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ máa bọ̀ wá kí i."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé ibi ẹ̀rọ, ó kọjá sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Kò tíì dé ìdajì gbọ̀ngàn tó fi dúró.

"Wàhábì, gbé àga fún mi."

Àlájì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àga wo? Ìyá bá jókòó sínú koríko, ó na ẹsẹ̀.

"Ilé yìí dáa," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n nínú ilé tí bàbá ẹ kọ́, bí mo bá wúkọ́, ẹ̀yin ọmọ á gbọ́. Níbí, ta ló máa gbọ́ mi?"

Àlájì kọjú sí Dọlápọ̀. "Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí fún mi ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìwé yín wà nínú báàgì mi, ẹ lè gbé e lọ Obáníkòró lónìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní ya èyí kí n fi orúkọ mi sí i."

Ó ṣí báàgì náà.

Àlájì rìn lọ sí yàrá sinimá, ó fi ìṣísẹ̀ wọn ìbú rẹ̀. "Bí a bá dá yàrá Ìyá padà, èèyàn mélòó ló máa lè jókòó síbí?"

"Méjìlá, sà."

Ìyá dáhùn láti ilẹ̀, "Kí ni méjìlá fẹ́ wò? Ìwọ tí oorun máa ń gbé lọ níwájú tẹlifíṣọ̀n!"

Àlájì rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Ó dáa. Ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n òpó mi ò gbọdọ̀ dín o. Ìgbà wo ni ìwé tuntun á jáde?"

"Ọjọ́bọ̀, sà. Òpó á pé mẹ́jọ."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo mú ìgbálẹ̀. Mo ti gbá omi ìlúwẹ̀ẹ́ kúrò, mo ti ń bọ̀ níwájú ilé, nígbà tí Dọlápọ̀ lọgun láti ọ̀ọ́kán. Ó tún ti ń na okùn.

"Màmá, ẹ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ ná! Mo fẹ́ kí yàrá Ìyá tún súnmọ́ ọn sí i."