Alùpùpù Ọkọ Ìyá Aránṣọ

Àwọn tó sọ ọ́ ní Elétí-Ehoro ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ déédéé, bí alùpùpù bá ń kọjá lójú títì, ọkùnrin yìí lè wà nínú balùwẹ̀ kí ọṣẹ kún ojú rẹ̀, á sì pariwo jáde pé, "Ẹ sọ fún ẹni tó ń gun nǹkan yẹn pé epo ò dé apá òsì!" Wọ́n á sáré dá onítọ̀hún dúró, wọ́n á tú u wò, bó ṣe wí náà ni wọ́n á bá a. Àwọn alùpùpù àtijọ́ tó ní kábúrétọ̀ méjì, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ìsinsìnyí ń rí tí wọ́n ń sá fún, òun ni wọ́n máa ń gbé wọn wá bá.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè rò pé kékeré ni. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó jó o. Tó bá jẹ́ méjì, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ máa mí pọ̀ ni. Bí ọ̀kan bá ń fà ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa tiro, á máa gbóná, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Àwọn kan máa ń so géèjì mọ́ ọn láti fi wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fà. Elétí-Ehoro ò ní géèjì rí láyé rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ títì, ra ọ̀kan, ọ̀gá rẹ̀ sì fi í ṣẹlẹ́yà títí ó fi sú u. "Ojú lo fi ń gbọ́ràn," ló máa ń sọ fún un.

Etí yẹn ló wá ń kú.

Kò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró omi tó ń hó lórí iná ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ohùn àwọn ẹyẹ, lẹ́yìn náà ni ohùn ìyàwó rẹ̀ bó bá sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń dọ́gbọ́n sí i. Ohun yòówù kí wọ́n sọ, á ní "Ẹn-ẹ́n," á sì mi orí bí ẹni tó ti rò ó jinlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé kí òun bu oúnjẹ wá, ó ní rárá, wáyà rẹ̀ ló já. Ìyàwó wò ó, ó wò ó, ó sì lọ bu oúnjẹ wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Kì í ṣe dídi etí gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kò mọ nǹkan mìíràn tí òun jẹ́. Bí wọ́n bá yọ etí yẹn kúrò lára rẹ̀, kí ló kù? Bàbá arúgbó kan tí ara rẹ̀ ń rùn fún epo. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ṣì ń wá, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń padà wá ráhùn. Èyí ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Tí iṣẹ́ òun bá ti bàjẹ́ lóòótọ́, ó ní, ṣebí wọn ò ní ṣàì padà wá.

Ibi tó bá ara rẹ̀ dé nìyẹn nígbà tí ìyá aránṣọ kan dé. Opó ni. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló bá a ti alùpùpù kan wá, alùpùpù dúdú àtijọ́ tí olóògbé gùn títí tó fi kú, tó sì ti wà lábẹ́ tapólì látìgbà náà. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ti sọ ìyá yìí di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè, nítorí náà Elétí-Ehoro gbọ́ ọ yékéyéké.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Mi ò fẹ́ tà á o. Mo kàn fẹ́ kó dún bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀ ni. Tó bá ti yà sí àdúgbò wa báyìí, mo ti mọ̀ pé bàbá ń bọ̀ nìyẹn, mo ti gbé omi ìwẹ̀ wọn kaná."

Elétí-Ehoro wo ìyá náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé: èyí gan-an ni màá fi dán an wò. Obìnrin yìí mọ ohùn alùpùpù náà bó ṣe mọ ohùn ọkọ rẹ̀. Tí mo bá rí i ṣe, etí mi ò tíì kú. Tí mi ò bá rí i ṣe, màá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó parí.

Ó tú kábúrétọ̀ méjèèjì palẹ̀ sórí àkísà tó mọ́. Epo àtijọ́ ti gbẹ sínú wọn, ó ti lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Ó fọ̀ wọ́n, ó fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ihò tíntìntín inú wọn, ó gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá òdìkejì hàn. Ojú rẹ̀ ṣì dá, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Nígbà tó tò wọ́n padà, kò pẹ́ rárá tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Sílò, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fún un níná, ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kábúrétọ̀ méjèèjì ti bára mu. Elétí-Ehoro tẹ́tí. Ohun tó gbọ́ ò ju kíkùn kan lọ, àfi bíi pé wọ́n da ìkòkò bò ó. Ó ki ẹnu sukudiráfà mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí. Ó ń gbọ̀n lóòótọ́, àmọ́ kí ni gbígbọ̀n náà ń sọ? Ó yí sukúrúù ọ̀tún díẹ̀, ó yí ti òsì díẹ̀, ó gbójú sókè wo ìyá aránṣọ. Ìyá mi orí, kì í ṣe òun. Ó tún yí i. Kì í ṣe òun. Òógùn bo ọrùn rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ikùn bí ọmọdé tó fọ́ àwo. Ó wá yí i bó ṣe rántí pé ó máa ń rí, kì í ṣe bó ṣe gbọ́ ọ.

Ìyá aránṣọ wo ẹ̀yìn Elétí-Ehoro, níbi tí ìyàwó ọkùnrin náà dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, "Òun náà nìyẹn, Ọ̀gá. Òun gan-an nìyẹn."

Elétí-Ehoro jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ní mi ò gbọ́ràn mọ́ dà?" ló ń pariwo, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ló rí dígí ojú ìyá aránṣọ lórí tábìlì. Báwo ni ìyá ṣe máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìsí dígí? Ó mú un, ó tẹ̀lé wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde, kò sì bi ara rẹ̀ pé ibo ló lọ.

Bó ṣe dé ìsàlẹ̀ títì, ó rí alùpùpù dúdú náà níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó ti ki rọ́bà géèjì bọ kábúrétọ̀ méjèèjì. Ìyá aránṣọ àti ọkọ ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó Elétí-Ehoro fúnra rẹ̀ ló di tọ́ọ̀ṣì mú, tó ń tànmọ́lẹ̀ sí i.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ìgbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

"Kí ló ṣe é?" Elétí-Ehoro béèrè.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó he tọ́ọ̀ṣì.

"Mo ní kí ló ṣe é?"

"Apá òsì ò ṣiṣẹ́, Ọ̀gá." Ó ní láti pariwo kí ọ̀gá rẹ̀ tó gbọ́. "Kò ṣiṣẹ́ rárá. Apá ọ̀tún nìkan ló ń gbé e."

Ìdajì ẹ́ńjìnnì ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́, òun sì jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àwọn tó kù ńkọ́? Àwọn tí mo ti ń ṣe bọ̀?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ kó tó dáhùn. "Gbogbo wọn ni, Ọ̀gá. Ìyàwó yín ló máa ń kó wọn wá."

"Ẹni tó kọ́kọ́ padà wá fẹ́ fi yín ṣe ẹlẹ́yà lójú gbogbo ayé," ìyàwó rẹ̀ ké sí i. "Mo bẹ̀ ẹ́, mo mú un wá síbí. Látìgbà yẹn ni mo ti ń bẹ gbogbo wọn. Kí ni kí n ṣe? Ká ní ẹ mọ̀ ni, ẹ̀ bá kú mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá," ìyá aránṣọ ní. "Wọ́n bẹ̀ mí ni."

Elétí-Ehoro dúró kí ìbínú dé, kò dé. Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá bú wọn padà. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n, gbogbo àdúgbò, òun sì ń yan fanda láàárín wọn bí ọ̀gá. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Ó na dígí sí ìyá aránṣọ, ó ní, "Ẹ gbàgbé èyí sọ́dọ̀ mi." Ó wá sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé, "Parí iṣẹ́ ẹ."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ padà, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó ń wo géèjì, ó ń yí sukúrúù. Lójijì ìyá aránṣọ fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó yíjú sí títì bíi pé ẹnì kan ń bọ̀ níbẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, ọkọ ọmọ rẹ̀ sì dì í mú.

Elétí-Ehoro tẹ́tí títí. Fún tirẹ̀, nǹkan kan ò yí padà. Kíkùn kan náà ni.

Ó fa ìyàwó rẹ̀ mọ́ra. "Báwo ló ṣe ń dún?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹnu lé e létí. Inú ariwo alùpùpù ló ti bá a gbé látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ó mọ ohun tó ń bi òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ṣe é fún un, jẹ́jẹ́: dù-dù-dù-dù, dù-dù-dù-dù.

Atẹ́gùn gbígbóná ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń fẹ́ sí ọkọ rẹ̀ létí. Elétí-Ehoro dijú, ó dúró gbọnin.

"Ó yá, ṣe é," ló ní. "Mo ti ń tẹ́tí."