Màrìwò Ojú Ọ̀nà Àpáta Ẹyẹlé

Ìgbà kan wà láyé mi tí mo kórìíra Olúmọ. Ìjemọ̀ ni wọ́n bí mi sí, kò sì sí ọdún tí n kì í rí bí èrò ṣe ń rọ́ lọ síbẹ̀, ìbáà ṣe ọdún Àjíǹde, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà ṣe Kérésìmesì. Wọ́n á wá láti Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n á tò bí ẹni tó fẹ́ ra epo bẹntiróòlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á máa ké lọ́tùn-ún lósì, ayàwòrán á fa ọ̀kan lọ́wọ́, onísúyà á fa ìkejì. Ẹni tó bá gòkè tán, ìpàkọ́ ẹlòmíràn ló máa wò sọ̀kalẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ó máa wò wọ́n, n ó máa rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́n nígbà náà, àbí kí n sọ pé mo rò pé mo gbọ́n.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mi ni, iṣẹ́ kò sì tíì yọjú. Mo bá ronú pé bí àwọn èèyàn yìí bá ń sá fún ariwo Èkó, ó yẹ kí ẹnì kan máa mú wọn lọ síbi tí ariwo kò sí. Àpáta ló kún ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Olúmọ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹ gba ọ̀nà Ìbàdàn, ẹ kọjá Ọ̀dẹ́dá díẹ̀, ẹ ó rí wọn láàárín oko ẹ̀gẹ́, wọ́n dùbúlẹ̀ bíi màlúù tó yó. Mo mọ mẹ́ta dáadáa nínú wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Àpáta Ẹyẹlé. Kò ga tó Olúmọ, ṣùgbọ́n èèyàn lè dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó má gbọ́ ju ìró ìyẹ́ ẹyẹlé igbó lọ, ihò kan sì wà ní ìdí rẹ̀ tí èèyàn mẹ́wàá lè sá òjò sí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.” Ẹ wo irọ́! Odidi abúlé kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nínú abúlé yẹn, ìyá àgbà kan ló ni oko kájú tí ọ̀nà àpáta náà gbà kọjá. Ìyá oníkájú ni a ń pè é. Mùsùlùmí gidi ni, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá ń ṣa kájú. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gun àpáta: kí ẹni náà kọ́kọ́ yà kí òun. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Kí o ṣáà jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kí o mu omi, kí ó bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Tó bá bi ọ́ nípa ìyá rẹ tán, yóò bi ọ́ nípa ìyá ìyá rẹ. Wákàtí kan á ti lọ. Àwọn àlejò mi máa ń gbádùn rẹ̀, èmi ni inú máa ń bí. Mo máa ń sọ fún àbúrò mi obìnrin, tó ń bá mi gbé oúnjẹ àwọn àlejò, pé àwọn èèyàn tó sá fún èrò, ìyá yìí tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pa wọ́n.

Lọ́dún kan, òjò kò jẹ́ ká rí ẹsẹ̀ gbé lọ síbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Bí òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, tọkọtaya kan tó wá láti Èkó pè mí. Wọ́n ti lọ sí Olúmọ lọ́jọ́ tó ṣáájú pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, èrò sì ti ti ọmọ náà ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ ní òun kò fẹ́ rí orí èèyàn mọ́.

“Ibi tó bá dákẹ́ jù ni kí ẹ mú wa lọ,” ó ní.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, sà,” ni mo dá a lóhùn. “Ibi tí mò ń mú yín lọ, kòkòrò gan-an ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀.”

Ọ̀sán ti ń wọlé kí á tó dé. Bí a ṣe yà kúrò lójú títì ni mo rí i pé ọ̀nà náà ti fẹ̀ sí i, tí táyà ọkọ̀ ńláńlá ti gbẹ́ ẹ ní kòtò. Mo ní àwọn agégẹdú ni. Ewé kájú, tó yẹ kí òjò ti fọ̀ mọ́, ti funfun fún eruku. N kò rí nǹkan kan sọ sí ìyẹn, mo bá tan rédíò. A kọjá mọ́ṣáláṣí abúlé, ògiri rẹ̀ ti là láti òkè dé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ògiri náà pé nígbà tí mo wá kẹ́yìn. Kò sí ọmọ kankan tó sáré tẹ̀lé ọkọ̀ wa. Gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Ewúrẹ́ méjì péré ló dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

Àbúrò mi yíjú sí mi. “Bọ̀dá mi, kí ló dé tí kò sẹ́nikẹ́ni níta?”

“Wọ́n lọ sóko.”

“Gbogbo wọn?”

Mo ní kó jẹ́ ká gbọ́ràn. Ìyàwó ọkùnrin náà tilẹ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn wa, ó ní, “Haa, ẹ wo bí ibí ṣe dákẹ́!” Inú mi dùn. Mo sì mọ̀ pé bí a bá yà sọ́dọ̀ ìyá oníkájú, oòrùn á ti wọ̀ kó tó bi wọ́n nípa baba ńlá wọn tán. Mo bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn, mo páàkì ọkọ̀ sábẹ́ igi kájú kan tó jìnnà sí ilé rẹ̀, a sì fẹsẹ̀ rìn.

Ibi tí ọ̀nà ẹ̀yìn náà ti kan ìdí àpáta ni màrìwò wà. Màrìwò tútù yọ̀yọ̀ ni, wọ́n so ó láti ara igi kan sí ìkejì, ó dí ọ̀nà. Àbúrò mi dúró gbọin. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n ń kọ́ ní ìtumọ̀ màrìwò. O rí i, o yà, ó tán. Tó bá wá jẹ́ obìnrin ni, kò tiẹ̀ ní dúró wò ó.

“Ẹ jẹ́ ká padà,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá mi. Bóyá orò wà níta.”

Ọkọ náà bi mí bóyá kò sí wàhálà. Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí. Tíṣà ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà ni ìyá tó bí wa, ó sì ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tó bá mọ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ewé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ewé ọ̀pẹ ni, sà. Àwọn ará oko ló ń fi dẹ́rù ba ara wọn.” Mo tú u kúrò lára igi pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ọmọ náà ń fọwọ́ bojú nítorí oòrùn, mo bá ká màrìwò náà bí òṣùká, mo fi dé e lórí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti di ọbabìnrin. Àbúrò mi di ojú rẹ̀ mọ́rí, ó di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn, ó sì tẹ̀lé mi kọjá.

Kò sí ẹyẹlé kan lórí Àpáta Ẹyẹlé lọ́jọ́ náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹní ni nígbà tí fèrè kan ké láti ẹ̀yìn òkè, ó gùn, ó ń hu. Mo ní àwọn olóyè ìjọba tó ń sáré lọ sí Ìbàdàn ni, ọlọ́pàá ló ń fun fèrè níwájú wọn. Ó dákẹ́. Láìpẹ́, ó tún ké, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e yẹn, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì bíi pé èmi ni mo dá a, mo ní, “Ẹ gbọ́ o. Kò sí ariwo rárá.” Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Ìsàlẹ̀ ni a ti gbọ́ igbe. Ìyá oníkájú ló ń sáré bọ̀, láìwọ bàtà, ìborùn rẹ̀ ti já sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pè wá.

“Ẹ sọ̀kalẹ̀! Ẹ wọ inú ihò! Ẹ̀tù ni wọ́n fẹ́ yìn! Wọ́n fẹ́ fọ́ òkè!”

N kò mọ bí a ṣe dé ìdí àpáta. Mo mọ̀ pé àbúrò mi ló gbé ọmọ náà, pé ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ihò, pé ọmọ náà dìde tó ń sáré padà lọ bá ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Ìyá oníkájú gbá a mú, ó taari òun àti ìyá rẹ̀ wọlé. Òun ló kù sẹ́yìn. Ilẹ̀ mì kí etí wa tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, òmíràn tó ìkúùkù, òmíràn tó ọmọ odó, ọ̀kan sì bà á lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ihò níbẹ̀, lójú wa.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀ díẹ̀, mo fà á wọlé. Kò ké. Ó ń wo orí ọmọ náà. Ó nawọ́, ó ṣí màrìwò kúrò lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ká a, ó ki í bọ abẹ́ ìró rẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí.

Ilé ìwòsàn ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nínú oṣù mẹ́ta tí a kò fi lọ síbẹ̀ ni àwọn tó ń fọ́ òkúta dé ẹ̀yìn òkè náà. Wọ́n kọ́kọ́ ń so aṣọ pupa sójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yin ẹ̀tù, àwọn kan ń jí aṣọ náà lọ. Wọ́n ń fun fèrè, atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ìyá oníkájú ló gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi màrìwò dí ọ̀nà, nítorí kò sí ẹni tó máa jí màrìwò, kò sì sí ẹni tó máa kọjá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń so ó. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, nígbà tí aṣojú àwọn tó ń fọ́ òkúta àti àwọn ọkùnrin abúlé wọlé wá.

“Màmá, ṣé ẹ so ó?” ni wọ́n bi í.

“Mo so ó.”

“Ta ló wá tú u?”

Ìdí bẹ́ẹ̀dì ni mo dúró sí. Àbúrò mi ń wo ilẹ̀.

“Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́,” ìyá ní.

Baba kan wà láàárín wọn, òun nìkan ló ń sin ewúrẹ́ ní abúlé náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, ó ń bẹ ìyá pé kó forí jin òun. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà mi. Mo wà níbẹ̀, mo ń wò ó.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀, mo bi ìyá pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́.

“Ṣé òótọ́ á hu ẹsẹ̀ mi padà ni? Ṣé o rí àwọn ọmọkùnrin yẹn? Wọ́n á ṣe ẹ́ ní jàǹbá, ìyá ẹ náà á wá máa sunkún. Ẹsẹ̀ tèmi yìí ti tó.”

“Mo rò pé ti orò ni, mà.”

“Èmi tí mò ń kírun? Kí ni mo fẹ́ fi orò ṣe? Ká ní o yà kí mi ni, ọmọ mi. Ṣebí ǹ bá ti sọ fún ẹ.”

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń so màrìwò. Tí wọ́n bá ti fẹ́ yin ẹ̀tù, ìyá á pè mí lórí fóònù, n ó gbéra láti Ìjemọ̀, n ó so ó sí ọ̀nà méjèèjì, n ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí kan, méjì, yóò máa bi mí nípa àwọn èèyàn mi. N kò mú àlejò lọ síbikíbi mọ́. Àpáta Ẹyẹlé gan-an, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ti fi ṣe ilé àti ọ̀nà fún àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìyá oníkájú kú ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àáfà sọ ìtàn bí ó ṣe gba ẹ̀mí èèyàn márùn-ún là, ó sọ ti ewúrẹ́, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Baba elewúrẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ta gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀ láti ọdún náà, kò sì sin òmíràn mọ́. Mo gbọ́ tó sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, “Ẹran mi ló fà á.” Àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, oúnjẹ ni mo fi sí i.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Láàárọ̀ ọ̀la, n ó gba ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá. N ó yà sílé baba náà, n ó kí i, n ó jókòó, n ó mu omi tó bá fún mi, n ó jẹ́ kó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Lẹ́yìn náà, n ó dọ̀bálẹ̀ bí òun náà ṣe dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ sí, n ó sì sọ fún un pé kì í ṣe ewúrẹ́ rẹ̀. Èmi ni.